Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yìí ò jẹ́ kí n yí IP rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ èmi ni admin

Tíṣà Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ SS3 wa máa bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kubwa ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ní sáà yìí, ilé ẹ̀kọ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ sí yàrá kọ̀ǹpútà wa. HP EliteBook ni gbogbo wọn, Windows 10 Pro ló sì wà lórí wọn. Mo mú èyí tó lágbára jù nínú wọn, mo gbé ètò ìdánwò lé e lórí, kí àwọn yòókù máa lọ gba ìbéèrè lọ́dọ̀ rẹ̀. Adírẹ́sì IP rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, tí mo kọ sínú gbogbo ẹ̀rọ àwọn ọmọ ni 192.168.1.10. Bí wọ́n bá wá mú iná lọ, tí a tan jẹnẹrétọ̀, tí router sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó lè fún ẹ̀rọ ìdánwò ní adírẹ́sì mìíràn. Ó ti di .14 rí, ó ti di .23 rí. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ tó máa rí ìbéèrè kankan, nǹkan róbótó yẹn á kàn máa yí lójú ẹ̀rọ wọn.

Mo wá ní kí n fún un ní adírẹ́sì tí kò ní yí mọ́. Mo tẹ Windows àti R pọ̀, mo kọ ncpa.cpl, mo tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máúsì lórí Ethernet, mo yan Properties. Ibẹ̀ ṣí. Mo wá yan Internet Protocol Version 4, àmọ́ bọ́tìnì Properties tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣàwọ̀ eérú, kò ṣeé tẹ̀. Mo gba inú Settings lọ, mo rí i níbì kan níbẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé "Some of these settings are hidden or managed by your organization". Organization wo? Ilé ẹ̀kọ́ wa ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èyí tó rú mi lójú jù ni pé admin ni account tí mo ń lò. Mo ṣí lusrmgr.msc, mo rí orúkọ rẹ̀ nínú Administrators pẹ̀lú ojú ara mi. Kí ló tún kù tí admin ń tọrọ àṣẹ fún? Nígbà tí mo dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, mo rí ibi tí wọ́n ti họ sítíkà kan kúrò. "PROPERTY OF" nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹni tó tà á fún wa ní bó ṣe wọlé láti òkè òkun lòun ṣe tà á, òun ò mọ nǹkan míì nípa rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ ohun tó máa pa ètò ìdánwò tó ti wà lórí rẹ̀ rẹ́ o.

Ọmọ Ọ̀fà, Gwarinpa

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹ format rẹ̀, ẹ gbé Windows tuntun sí i, ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹ ò bá fẹ́ ìyẹn, ẹ wọ inú registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí, gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí Policies, ẹ pa á rẹ́. Bí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Wuse ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ̀kì

Ọmọ Ọ̀fà, o káre, ṣùgbọ́n jẹ́ ká rọra ṣe é. Àǹtí Tíṣà, ẹ má tíì format, ẹ má sì tíì fọwọ́ kan registry. Ẹni tó bá ń pa Policies rẹ́ láìwo ohun tó wà níbẹ̀ lè pa èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ èyí tó ń dí i lọ́wọ́, kò sì ní mọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Mo ń bá àwọn ọ́fíìsì ní Central Area àti Utako tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì wọn, èmi gan-an ni mo sì máa ń ti irú bọ́tìnì yẹn pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a fi ń tì í, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ìkà ni wá. Ní ọ́fíìsì kan, wọ́n pè mí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò tẹ̀wé mọ́. Iná rẹ̀ ń tàn, ìwé wà nínú rẹ̀, kò ké sí ẹnikẹ́ni pé nǹkan ń ṣe òun. Mo kọ arp -a lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé wọn, mo wo nọ́ńbà MAC (nọ́ńbà tí wọ́n ti fi dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é) tó wà níwájú 192.168.1.50, tí í ṣe adírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo wá fi wé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn ò ti bára mu. Òṣìṣẹ́ kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ .50 sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì tan láptọ́ọ̀pù náà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Gbogbo ìwé owó oṣù tí wọ́n ní kó tẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù yẹn ló ń lọ. Látìgbà náà, kò sí ẹni tó ń yí IP fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ti yín. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tó sọ pé rárá. Windows kì í dá rárá sọ bẹ́ẹ̀, àṣẹ kan ló ń tẹ̀ lé, ibi tí àṣẹ náà ti wá ló sì máa sọ ọ̀nà tí a máa gbà.

Ó lè jẹ́ pé account kò ní agbára admin. Ìyẹn kì í ṣe ti yín, torí ẹ ti wò ó. Ó lè jẹ́ Group Policy, ìyẹn àwọn ìlànà Windows tí ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ fi ń sọ ohun tí èèyàn lè ṣe lórí rẹ̀ àti ohun tí kò lè ṣe. Òun ni mo fura sí, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ṣì ń darí rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní. Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn.

Ìdí tí mo fi fura sí Group Policy ni bí bọ́tìnì yẹn ṣe kú. Nínú gpedit.msc, ẹ lọ sí User Configuration, ẹ wọ Administrative Templates, Network, lẹ́yìn náà Network Connections. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ "Prohibit access to properties of components of a LAN connection". Bí ẹnìkan bá tàn án, ohun tí ẹ rí gan-an ló máa ṣẹlẹ̀: ojú ìwé àkọ́kọ́ á ṣí, àmọ́ Properties tó wà nísàlẹ̀ IPv4 á kú. Ìlànà kejì rẹ̀, "Prohibit access to properties of a LAN connection", kì bá tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ní ti pé ẹ jẹ́ admin: láti ìgbà Windows XP, àwọn ìlànà yìí kì í mú admin, àfi bí ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ bá tún tan òmíràn tó wà níbẹ̀ kan náà, "Enable Windows 2000 Network Connections settings for Administrators". Orúkọ rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì gbó. Ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ yín mọ̀ọ́mọ̀ tàn án ni, kí àwọn admin náà má baà yí i.

Àmọ́ kí a má fi ìfura ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ kọ dsregcmd /status. Ẹ wo ìlà AzureAdJoined àti DomainJoined, bóyá YES ni tàbí NO. Lẹ́yìn náà ẹ kọ

gpresult /h C:\Users\Public\ijabo.html

Ẹ fi Edge ṣí fáìlì yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Network Connections sí ní apá User. Níwájú ìlànà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí "Winning GPO". Orúkọ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó sọ pé rárá. Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa. Kí ẹ tún wo Settings, Accounts, Access work or school, bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ kankan wà níbẹ̀. Ẹ má gbára lé lẹ́tà pupa yẹn nìkan o. Nǹkan kékeré míì tí kò kan nẹ́tíwọ̀kì lè mú un jáde.

Ní ti ọjọ́ Ajé, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ ò nílò láti yí ohunkóhun lórí láptọ́ọ̀pù náà kí adírẹ́sì rẹ̀ tó dúró sójú kan. Router ni kí ẹ sọ fún. Ẹ kọ ipconfig /all lórí ẹ̀rọ ìdánwò, ẹ wo Physical Address ti Ethernet (òun ni MAC rẹ̀), ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi browser ṣí ojú ìwé router, lọ́pọ̀ ìgbà 192.168.1.1 ni, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DHCP sí, ìyẹn ètò tí router fi ń pín adírẹ́sì. Níbẹ̀ ni ẹ máa ti rí Address Reservation; àwọn router míì ń pè é ní Static Lease. Ẹ so MAC yẹn pọ̀ mọ́ 192.168.1.10, ẹ fi pamọ́, kí ẹ kọ ipconfig /release, lẹ́yìn náà ipconfig /renew. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. MAC ti wáyà yàtọ̀ sí MAC ti Wi-Fi, èyí tí ẹ̀rọ náà máa fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò ni kí ẹ kọ. Bó bá sì jẹ́ Wi-Fi, ẹ rí i pé "Random hardware addresses" wà ní Off, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ router ò ní dá a mọ̀.

Tíṣà Kubwa

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ṣe ti router, ó ṣiṣẹ́! Mo yọ wáyà iná router, mo dúró díẹ̀, mo dá a padà, .10 náà ló ṣì jẹ́. Mo tún pa láptọ́ọ̀pù náà, mo tún un tàn, kò yí. Mo ti lè sùn.

Èsì ohun tí ẹ ní kí n wò rèé. AzureAdJoined: NO. DomainJoined: NO. Access work or school ṣófo. Nínú ìwé gpresult, méjì nínú àwọn ìlànà tí ẹ dárúkọ wà níbẹ̀, "Prohibit access to properties of components of a LAN connection" àti "Enable Windows 2000 Network Connections settings for Administrators", Enabled ni méjèèjì, ohun tó sì wà lábẹ́ Winning GPO ni "Local Group Policy".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dá mi lóhùn lórí ọ̀kan sí i. Nínú àwọn ẹ̀rọ àwọn ọmọ, ọ̀kan wà tí bọ́tìnì tirẹ̀ ò kú rárá, àmọ́ bí mo bá lo Settings láti kọ IP sí i, ó máa ń sọ pé "Can't save IP settings. Check one or more settings and try again". Ṣé ìlànà kan náà ló ń dí òun náà lọ́wọ́? 192.168.1.30 ni mo kọ, mo kọ 255.255.255.0 sí ibi Subnet prefix length, mo kọ 192.168.1.1 sí Gateway.

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ̀kì

Inú mi dùn gan-an, Àǹtí Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n tètè yanjú ti ẹ̀rọ kejì: ìyẹn kì í ṣe ìlànà ààbò rárá. Lórí Windows 10, ibi tí wọ́n ti kọ Subnet prefix length, 24 ni wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ, kì í ṣe 255.255.255.0. Ọ̀kan náà ni méjèèjì jẹ́, ọ̀nà tí a gbà kọ wọ́n ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ojú ìwé yẹn ti dààmú. Lórí Windows 11, Microsoft yí i sí Subnet mask. Ẹ kọ 24, kí ẹ kọ DNS sí i pẹ̀lú, ó máa gbà.

Ó yá, ẹ̀rọ ìdánwò. "Local Group Policy" túmọ̀ sí pé inú ẹ̀rọ náà gan-an ni àṣẹ náà wà. NO méjèèjì tí ẹ rí nínú dsregcmd sì jẹ́rìí sí i pé Windows tó wà lórí rẹ̀ báyìí kò so mọ́ ilé iṣẹ́ kankan mọ́. Bí onílé tó ti kó kúrò, tó gbàgbé agádágodo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn yàrá kan. Kò sí ẹni tó máa padà wá tì í bí ẹ bá ṣí i.

Torí náà, ẹ ṣí gpedit.msc, ẹ lọ sí ibi tí mo júwe lókè, ẹ dá ìlànà méjèèjì padà sí "Not Configured". Ẹ má fi sí "Disabled", torí nínú Group Policy, Disabled náà jẹ́ àṣẹ, ó lè mú nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ gpupdate /force, ẹ jáde kúrò nínú account, ẹ tún wọlé. Bọ́tìnì yẹn á jí. Bí kò bá jí, ẹ fi regedit wo HKEY_CURRENT_USER\Software\Policies\Microsoft\Windows\Network Connections. Bí NC_LanChangeProperties tàbí NC_EnableAdminProhibits bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí gpedit ti sọ pé kò sí nǹkan, a jẹ́ pé ẹnìkan ló fọwọ́ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo Export láti tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ tó pa àwọn méjì yẹn nìkan rẹ́.

Àmọ́ ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀ kí ìdánwò tó parí. Ohun tí ẹ ń wá, ẹ ti rí i lára router.

Lẹ́yìn ìdánwò, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀fà ni mo fara mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà fún yín láìpa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ẹ ò mọ ohun míì tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀: account tí ẹ ò rí, ètò tó ń wo ojú ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn. Ilé ẹ̀kọ́ sì nìyẹn, orúkọ àti máàkì ọmọ ọlọ́mọ máa wà lórí rẹ̀. Ẹ kó ohun tó jẹ́ ti yín kúrò, kí ẹ gbé Windows tuntun sórí gbogbo wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní bi yín ní kọ́kọ́rọ́ ìforúkọsílẹ̀ tuntun, bó bá ṣáà jẹ́ Pro lẹ dá padà sórí Pro. Àwọn tí processor wọn bá jẹ́ Intel ìran 8 sókè, tí wọ́n sì ní TPM 2.0 (ohun èlò ààbò inú ẹ̀rọ), Windows 11 ni kí ẹ gbé sórí wọn, torí láti 14 oṣù October 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10.

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ẹ kú ìdáhùn o. Èmi náà ní irú ìṣòro yìí, mo ti fẹ́ tẹ̀ lé ohun tí ẹ kọ, ọkàn mi wá ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ni tèmi. Iṣẹ́ wa máa ń gbé mi lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Keffi, Akwanga àti Lafia láti gba àkọsílẹ̀ wọn. Láwọn ibòmíì, nẹ́tíwọ̀kì wọn kì í fúnni ní IP, wọ́n á kọ nọ́ńbà sórí ìwé pélébé fún mi pé kí n fi sí i. Bí mo bá ní kí n fi sí i, á ní kí n mú password admin wá. Ẹni tó ń bá wa mójú tó kọ̀ǹpútà ń bẹ ní Àbújá, èmi ń bẹ ní Akwanga, ọjọ́ ń lọ. Àbúrò ọkọ mi ní òun lè bá mi wá ọ̀nà wọ account admin. Ṣé kí n gbà fún un?

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ̀kì

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Ti yín yàtọ̀ sí ti Àǹtí Tíṣà pátápátá. Ẹni tó ti ẹ̀rọ tiwọn pa ti lọ; ẹni tó ti ti yín pa ṣì wà nídìí ẹ̀, òun ló sì ni ẹ̀rọ. Àkọsílẹ̀ aláìsàn ló wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn. Bí ẹnìkan bá já wọ account admin, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ náà lẹ́yìn náà, orúkọ yín ni wọ́n máa rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò ní pẹ́ kó tó padà síbi tó wà: Group Policy máa ń tún ara rẹ̀ kà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí 120 bí ẹ̀rọ bá ti rí server ọ́fíìsì, Intune, ètò tí ilé iṣẹ́ fi ń darí ẹ̀rọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ń ṣe tirẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 8 síra wọn.

Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà yín kò tó password admin rárá. Ẹgbẹ́ kan wà nínú Windows tó ń jẹ́ Network Configuration Operators. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lè yí IP, gateway àti DNS ẹ̀rọ rẹ̀ láìjẹ́ admin. Kò lè gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ, kò lè ṣí fáìlì ẹlòmíràn. Irú iṣẹ́ yín gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Òun á kọ ìlà yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè ṣe é láti Àbújá:

net localgroup "Network Configuration Operators" orúkọ_yín /add

Ẹ jáde kúrò nínú account, ẹ tún wọlé, kí ẹ kọ whoami /groups. Bí ẹ bá rí S-1-5-32-556 níbẹ̀, ó ti wọlé. Bí mo bá wà nípò ẹni tó ń mójú tó ti yín, lẹ́tà tó sọ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn àti ìdí iṣẹ́ náà ti tó fún mi láti ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní router kékeré ti ìrìn àjò. Inú router yẹn ni ẹ máa kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn sí, láptọ́ọ̀pù yín á máa gba IP lọ́dọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe nílé. Ṣùgbọ́n kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kí ẹ tó so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀kì wọn o.

Àbúrò Sàmárù

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Linux kún un, torí Fedora là ń lò ní láàbù wa ní Zaria, ọ̀rọ̀ "ta ló sọ pé rárá" yìí ló sì gbà wá sílẹ̀.

Bí nmcli, àṣẹ tí a fi ń ṣètò nẹ́tíwọ̀kì, bá sọ pé "Insufficient privileges", polkit, ètò tó ń pinnu ẹni tó ní àṣẹ láti ṣe nǹkan, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nmcli general permissions, ẹ wo ìlà tó parí sí settings.modify.system, bóyá yes, no tàbí auth. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni kan náà lè gba yes nígbà tó jókòó síwájú ẹ̀rọ, kó wá gba auth nígbà tó bá gba SSH wọlé, torí polkit máa ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ àti ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ lo sudo bí ẹ bá ní àṣẹ rẹ̀. Bí kò bá sí, kí admin kọ òfin sí /etc/polkit-1/rules.d fún ẹgbẹ́ yín.

Èkejì ni SELinux, ètò ààbò tó ń wo àmì ara fáìlì kó tó jẹ́ kí ètò míì kà á. Bí ẹ bá gbé fáìlì nẹ́tíwọ̀kì láti inú home yín, tí ẹ fi mv gbé e sí /etc/NetworkManager/system-connections, fáìlì náà á gbé àmì home dání lọ síbẹ̀, NetworkManager lè má rí i kà, kò sì ní sọ fún yín lójú ìwé rẹ̀ pé SELinux ni. Ẹ fi ls -Z wò ó. Ẹ kọ ausearch -m AVC -ts recent, níbẹ̀ ni ẹ máa ti rí ẹni tó kọ̀. Ìlà kan ló ń tún un ṣe: sudo restorecon -Rv /etc/NetworkManager/system-connections. Kí ẹ sì rí i pé root ló ni fáìlì náà, àti pé 600 ni chmod rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ní kí ẹ kọ setenforce 0 kí ẹ máa lọ. Ìyẹn ń tú gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ nítorí fáìlì kan.

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ̀kì

O ṣeun, àbúrò mi. Ti SSH yẹn dára gan-an, mo máa lò ó.

Tíṣà Kubwa

Ìdánwò ti parí, adírẹ́sì ò sì yẹ̀. Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ kejì nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe Físíìsì, a tan jẹn, gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n dé.

Mo ti ń gbé Windows tuntun sórí wọn. Bọ́tìnì ẹ̀rọ ìdánwò ti jí. Àmọ́ ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí mo ṣe so ó mọ́ Wi-Fi nígbà ìṣètò, orúkọ iléeṣẹ́ kan ní Gẹ̀ẹ́sì jáde lójú rẹ̀, ó ní kí n fi í-meèlì àti password wọn wọlé. Mo tún un gbé látìbẹ̀rẹ̀, orúkọ náà ló tún jáde. Ṣé mo ti lè fi format lé wọn lọ báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ̀kì

Rárá o, format ò lè lé ìyẹn. Autopilot ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ náà ti fi àmì ẹ̀rọ yẹn gan-an sórúkọ ara wọn lọ́dọ̀ Microsoft, kì í ṣe orí hard disk ló wà. Ìgbàkígbà tí Windows tuntun bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ìṣètò, á béèrè lọ́dọ̀ Microsoft, Microsoft á sì sọ ẹni tó ni ín. Àwọn kan á ní kí ẹ ṣètò rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ló ṣì ni ẹ̀rọ lórí ìwé, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún Windows gbé, ẹ padà sídìí ẹ̀. Ẹ ò sì mọ̀ bóyá ṣe ni wọ́n jí i.

Ilé iṣẹ́ yẹn ló lè yọ ọ́ kúrò lórúkọ ara wọn. Torí náà, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tí orúkọ wọn ti jáde, ẹ kọ Serial Number tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Kó lọ bá ẹni tó kó o wọlé pé kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kó fún yín ní òmíràn.

Bó bá fún yín ní òmíràn, ẹ má gbé e kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ F10 bí ẹ bá ṣe ń tàn án, kí ẹ rí i pé BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, ò béèrè password, kí ẹ sì wò ó ní Security bóyá Absolute, ètò tí ilé iṣẹ́ fi ń tọpa ẹ̀rọ wọn, wà ní Active. Lẹ́yìn náà kó tún Windows rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ níwájú yín, kí ẹ tan hotspot fóònù yín, kí ẹ so ó mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni orúkọ máa jáde bí orúkọ bá wà.

Tíṣà Kubwa

Ó ti gbà á padà, ó sì fún wa ní òmíràn. Kò kọ́kọ́ fẹ́ kí a tan hotspot, ó ní á jẹ àkókò òun, àmọ́ ọ̀gá wa ní a ò ní lọ láìwò ó. BIOS ò béèrè password, a ò rí Absolute ní Active. Nígbà tó rí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí a fẹ́ fún ẹ̀rọ ló bi wá, kò mẹ́nu ba ilé iṣẹ́ kankan. Mo ti fi Serial gbogbo wọn sínú ìwé kan, mo sì ti so MAC ẹ̀rọ ìdánwò pọ̀ mọ́ .10 lórí router kejì tó wà ní yàrá àwọn JSS.